Béèsì ni ulé: ìtàn jìtá olókùn mẹ́rin láàárín wa

Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ohùn mi, ẹ má bínú, ti aládùúgbò wa ni. Iná ti lọ láti àárọ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ wá orin jùjú àtijọ́ kan, ti Sunny Adé tàbí ti Ebenezer Obey, èyí tó bá wù yín. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù gbọ́ ọ lásán, kí ẹ má fi nǹkan kan sí etí. Lẹ́yìn náà, ẹ ki íápíìsì tó dára bọ etí, kí ẹ tún un gbọ́. Ẹ óò rí i pé ẹnì kan wà nínú orin náà tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń rìn lábẹ́ gbogbo àwọn yòókù bí ẹni tó ń rìn nínú ilé ara rẹ̀. Oníjìtá béèsì nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ kò le. Okùn tó nípọn jù lọ lára jìtá béèsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà kékeré inú fóònù kò lágbára láti gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù gbọ́ orin àwọn bàbá wọn lónìí kò tíì gbọ́ orin náà tán. Ẹni tí fóònù kò gbé ohùn rẹ̀ jáde yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé.

Ẹni tó wà nílé

Bàbá kan ló kọ́ mi ní béèsì. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì kí n tó mọ̀ wọ́n, ẹ̀yìn ilé wa níbí ni wọ́n sì ń gbé. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé kí wọ́n tó di tíṣà, wọ́n ti ta béèsì fún ẹgbẹ́ olórin kan ní Ìbàdàn fún bí ọdún mẹ́fà.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé jìtá náà lé ẹsẹ̀, mo fẹ́ máa fi ìka sáré kiri gbogbo ọrùn rẹ̀ bí mo ti ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá gba jìtá náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, béèsì ni ulé." Ulé ni àwa Èkìtì ń pe ilé. Wọ́n ní àwọn tó kù lè jáde lọ ṣeré ní ìta, kí wọ́n lọ síbi tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé kí wọ́n lè rí ibi padà sí. Odidi oṣù kan ni wọ́n fi ní kí n máa ta ohùn mẹ́ta péré. Inú bí mi. Nígbà tó yá, ó yé mi.

Bàbá Tíṣà di olóògbé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ wọn gbé àpótí kan jáde, àwo orin ńlá mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Mo yẹ páálí àwọn àwo náà wò níwájú àti lẹ́yìn. Orúkọ ọ̀gá olórin wà níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde wà níbẹ̀, àní orúkọ àwọn olówó tí wọ́n kì nínú orin náà wà níbẹ̀. Orúkọ Bàbá Tíṣà kò sí. A wá ẹ̀rọ tí a lè fi gbọ́ ọ, a gbé àwo kan lé e. Kí ẹnikẹ́ni tó kọrin ni béèsì ti bẹ̀rẹ̀. Màmá, ìyàwó wọn, tí wọ́n ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti àárọ̀ láìsọ̀rọ̀, gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Bàbá yín nìyẹn."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún yín lónìí kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé jìtá béèsì kì í ṣe àlejò láàárín wa. Àga tó jókòó lé ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Èkejì ni pé àwọn tó jókòó lórí àga náà, a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àga ti wà nílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìlù. Nínú ọ̀pọ̀ orin òyìnbó, òkè ni ọ̀rọ̀ máa ń wà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé e dúró. Nínú ẹgbẹ́ ìlù dùndún tiwa, ó yàtọ̀. Ìyá ìlù, tí ohùn rẹ̀ wúwo, ni ó ń sọ̀rọ̀, tó ń ki ènìyàn, tó ń pòwe. Àwọn kéékèèké, irú gúdúgúdú, ló ń tẹnu mọ́ ìró kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí fi hàn pé ó ti pẹ́ tí etí Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń wá ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ orin.

Lẹ́yìn ìlù ni àgídìgbo. Àpótí igi ni. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ojú rẹ̀. Ẹni tó ń ta á yóò gbé e lé itan tàbí kí ó fi okùn gbé e kọ́ ọrùn, yóò máa fi àtàǹpàkò ta irin náà, yóò sì máa fi àwọn ìka yòókù lu ara àpótí. Haruna Ishola lò ó nínú àpàlà. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú náà lò ó lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni iṣẹ́ béèsì gan-an: ohùn díẹ̀, tó rẹlẹ̀, tó ń yí po, tó ń so ìlù mọ́ orin. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé nípa béèsì. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan nínú wọn tó ju òwe yìí lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Cuba, ní òdìkejì òkun, irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní marímbula. Ó fara jọ àgídìgbo, àmọ́ ó tóbi tó ohun tí ènìyàn lè jókòó lé. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ béèsì nínú orin tí wọ́n ń pè ní son, títí di ìgbà tí béèsì onígi ńlá gba ipò rẹ̀ láàárín 1920 sí 1935. Láti 1933 ni ilé-iṣẹ́ HMV ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo orin Cuba wá tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lábẹ́ àmì GV. Àwọn olórin Èkó àti Accra ra àwo wọ̀nyí, wọ́n gbọ́ wọn, wọ́n sì kọ́ nínú wọn. Ẹ fi ọkàn bá mi bọ̀ o: ohun tí Cuba ṣe nígbà náà, tí wọ́n gbé àpótí sílẹ̀ tí wọ́n gbé béèsì, àwa náà ṣe é ní bí ogójì ọdún lẹ́yìn wọn.

Igi ńlá àti igi pẹlẹbẹ

Béèsì tí àwọn bàbá wa kọ́kọ́ rí kì í ṣe jìtá. Béèsì onígi ńlá ni, tó ga ju ènìyàn lọ, tí a máa ń dì mọ́ra bí ẹni tó ń bá ìyàwó jó. Òun ló wà lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ háíláìfù ní ọdún 1950 sókè, nígbà tí E.T. Mensah àti ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ ń ti Accra wá ṣeré káàkiri Nàìjíríà, tí Bobby Benson ń jọba l'Ékòó, tí Victor Ọláìyá sì dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀. Kí n sì rán yín létí pé Calabar ni wọ́n bí Ọláìyá sí ní 1930, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, níbí ní Èkìtì, ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọmọ wa ni.

Ìṣòro béèsì onígi ńlá pọ̀. Ó ṣòro láti gbé sínú mọ́tò. Òjò kò gbọ́dọ̀ kàn án. Bí fèrè mẹ́rin àti ìlù bá bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ a rì. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ìṣòro yìí. Ní 1951, ọkùnrin kan ní California, Leo Fender, gbé jìtá béèsì kan jáde tó pè ní Precision Bass. Igi pẹlẹbẹ ni, okùn mẹ́rin, ènìyàn lè gbé e kọ́ èjìká, kí ó sì fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga. Leo Fender fúnra rẹ̀ kò mọ jìtá ta. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni tẹ́lẹ̀.

Ìdí tó fi sọ ọ́ ní Precision nìyí. Ọrùn béèsì onígi ńlá dán láti òkè dé ìsàlẹ̀; bí ìka rẹ bá fi díẹ̀ yẹ̀, ohùn ti bàjẹ́. Fender to irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọrùn tirẹ̀, tí yóò fi jẹ́ pé ibi tí o bá tẹ okùn sí, ohùn tó yẹ gan-an ni yóò jáde. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti mọ jìtá ta lè di oníbéèsì láàárín oṣù díẹ̀, nítorí pé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ń tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí mẹ́rin tó nípọn jù lára jìtá lásán, wọ́n kàn rẹlẹ̀ sí i ni.

Bí jùjú ṣe gbà á sílé

Nínú jùjú, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà lọ. Ayinde Bakare ti ń lo jìtá tó ń lo iná ní nǹkan bí 1949. Lẹ́yìn rẹ̀ ni I.K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, aládùúgbò wa nìyẹn, tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Blue Spots ni a mọ̀ wọ́n sí nígbà tó yá. Ó mú àkọ́díónù wọ jùjú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè MBE ní 1963. Bí ẹ bá fi íápíìsì gbọ́ orin Dáíró ìgbà náà, ẹ óò gbọ́ pé ìlù àti àgídìgbo ló di ìsàlẹ̀ mú.

Nígbà tí Ogun Abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọ̀pọ̀ olórin háíláìfù tó jẹ́ Igbo fi Èkó àti Ìbàdàn sílẹ̀. Àyè ṣí sílẹ̀, jùjú sì wọlé. Ebenezer Obey ti dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Àwọn méjèèjì ń fi jìtá kún jìtá. Nígbà tí jìtá di mẹ́ta, mẹ́rin, tí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga sì di ńlá, àpótí àgídìgbo kò lè dá dúró mọ́. Nígbà tí a fi máa wọ àárín ọdún 1970 sí 1980, jìtá béèsì ti jókòó sórí àga rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ta á. Wọn kò ta á bí ará Amẹ́ríkà. Nínú jùjú, béèsì kì í fi ìgbà gbogbo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ibi tí ìwọ rò pé orin ti bẹ̀rẹ̀. A fo ibẹ̀, a dákẹ́, a wá dáhùn lẹ́yìn gángan. Ó ń ta àgídìgbo lórí jìtá ni. Ẹ wo àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe fún ilé-iṣẹ́ Island ní 1982, èyí tó gbé e dé gbogbo ayé. Ohun tí àwọn òyìnbó kọ nípa rẹ̀ jù ni jìtá Hawaii tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta. Kò burú, ó dùn. Ṣùgbọ́n Jelili Lawal ló wà lórí béèsì. Ẹ gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú etí tó wà lọ́dọ̀ Lawal nìkan, kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tó wà nílé.

Láti Ìkọ́lé dé Èkó

Orlando Julius Ekemode, Ìkọ́lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1943. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ló lọ sí Ìbàdàn, ó ń ṣiṣẹ́ búrẹ́dì, ó ń bá ẹgbẹ́ olórin lu ìlù. Nígbà tí ó gbé àwo Super Afro Soul jáde ní 1966, ó ti da háíláìfù pọ̀ mọ́ orin soul àwọn dúdú Amẹ́ríkà. Inú irú orin yẹn ni ipò béèsì ti yí padà. Nínú háíláìfù, béèsì ń tẹ̀lé fèrè. Nínú orin soul, fèrè ni yóò dúró de béèsì.

Fẹlá náà ń wá ọ̀nà ní ìgbà yẹn. Ó ti dé láti London ní 1963, ó ní ẹgbẹ́ Koola Lobitos, Tony Allen wà lórí ìlù, Ojo Okeji sì ń ta béèsì. Nígbà tí orin náà di Afrobeat ní nǹkan bí 1970, béèsì ti di òpó. Gbólóhùn kan ṣoṣo, bóyá ohùn mẹ́jọ, ni oníbéèsì yóò máa tún sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, tí Fẹlá yóò máa kọrin, tí yóò máa bú ìjọba, tí fèrè yóò máa wọlé jáde. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìyẹn rọrùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dán an wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ní ìṣẹ́jú kejì, ọwọ́ á fẹ́ fi nǹkan kún un. Ní ìkẹta, ọkàn á ti lọ síbòmíràn. Ní ìkarùn-ún, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́. Ẹni tó lè dúró síbi kan fún ogún ìṣẹ́jú láìsáré, láìfà sẹ́yìn, kì í ṣe ẹni kékeré.

Àwọn àlejò rí i. Ní 1970, James Brown wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Oníbéèsì rẹ̀ nígbà náà ni Bootsy Collins, tí kò tíì pé ogún ọdún. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo Fẹlá ní kílọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ékòó, ó sì ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà bí ohun tí àwọn gbọ́ ṣe bá àwọn lójijì.

Ní 1973, Paul McCartney wá, oníbéèsì Beatles tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ ṣe àwo Band on the Run ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló lu ìlù, tó sì ta béèsì. Ó lọ síbi tí Fẹlá ti ń ṣeré, ó sì ti jẹ́wọ́ pé orin náà mú òun sunkún. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà; McCartney ní kí ó wá sí sítúdíò kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn ń ṣe.

Gbogbo ayé ló mọ ìtàn yìí. Ohun tí mo máa ń rò nípa rẹ̀ ni pé ní alẹ́ ọjọ́ tí McCartney sunkún yẹn, ẹnì kan ń ta béèsì lórí ìtàgé. Ẹ bi ènìyàn mẹ́wàá tó fẹ́ràn Fẹlá léèrè ẹni tó jẹ́. Mo ti bi wọ́n. Wọ́n mọ béèsì McCartney, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló fi ń ta á, wọ́n mọ irú èyí tó dà bí fáólíìnì tó máa ń gbé kọ́rùn. Wọn kò mọ ti ẹni tiwa.

Orúkọ tó wà àti èyí tí kò sí

Àwọn orúkọ díẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ BLO tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, lẹ́tà orúkọ ènìyàn mẹ́ta ni: Berkley Jones lórí jìtá, Laolu Akins lórí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Nítorí pé orúkọ oníbéèsì wà nínú orúkọ ẹgbẹ́ gan-an, kò lè sọnù. Odumosu lọ bá ẹgbẹ́ Osibisa ní London lẹ́yìn náà. Ken Okulolo ta béèsì fún MonoMono, ẹgbẹ́ Joni Haastrup, ó sì bá Sunny Adé ṣiṣẹ́ kí ó tó lọ tẹ̀dó sí California. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó lọ sókè òkun ni a mọ̀ jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, James Jamerson ló ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ jù lọ orin tí ilé-iṣẹ́ Motown fi gba ayé láàárín 1960 sí 1970. Ìka kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀tún ló fi ń ta á. Fún ọdún mẹ́wàá, orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwo. Àwo What's Going On ti Marvin Gaye, ní 1971, ni Motown ti kọ́kọ́ to orúkọ àwọn olùlù àti olùta sí ara páálí. Jamerson kú ní 1983. Ní ọdún 2000 ni wọ́n tó fi í sínú ilé ọlá àwọn olórin rock ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: wọ́n rí i kọ, nítorí pé àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣì wà láàyè láti sọ pé òun ni. Tiwa ńkọ́? Ta ló ń béèrè?

Èrò tèmi nípa béèsì òde òní

Ẹ máa ń kọ̀wé sí mi pé irú béèsì wo ni kí àwọn rà. Ìdáhùn mi kò tíì yí padà. Bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ra olókùn mẹ́rin. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi olókùn márùn-ún tàbí mẹ́fà dẹ́rù bà ọ́. Gbogbo orin tí mo dárúkọ lónìí, mẹ́rin tó wọn. Tòkúǹbọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tọ́ sàn ju tuntun tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lọ. Gbé e sókè bí ìbọn, fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí, kí o tó sanwó.

Bí okùn rẹ bá ti kú, tí owó tuntun kò sì sí, Bàbá Tíṣà máa ń tú u, wọn a sè é nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn a nù ún gbẹ. Òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ ló máa ń pa ohùn okùn. Omi gbígbóná a bọ̀ ọ́ kúrò. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Màmá kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí pé ìkòkò ọbẹ̀ wọn ni Bàbá máa ń lò.

Nípa ọ̀nà tí a ń gbà ta á, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí ló fẹ́ràn kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò gbá okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Larry Graham ni wọ́n sọ pé ó mú ọ̀nà yẹn gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń ṣeré, wọn kò ní onílù. Ó fi àtàǹpàkò ṣe ìlù tí kò sí. Ìwọ tí onílù jókòó lẹ́yìn rẹ, kí lo tún ń lù?

Ọ̀rọ̀ kan wá kù tó ń dùn mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo ti ń ta béèsì ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n rà lè ṣe béèsì, pé kí n má ṣe ìyọnu mọ́. N kò ní purọ́ fún yín, ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù náà dára. Owó kò tó, àyè kò tó, ìpinnu wọn kì í ṣe ti ìkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ṣe olórí orin, tó ń fi ọwọ́ kejì ṣe ilé, ọwọ́ olórí ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá sáré, ti òsì a sáré tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó kù nílé tí yóò sọ pé ẹ rọra. Ohun tí ìjọ ń pàdánù nìyẹn, kì í ṣe ohùn nìkan.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán yín

Ẹ óò ti kíyè sí i pé èmi tí mò ń pariwo nípa orúkọ, n kò dárúkọ Bàbá Tíṣà. Àwọn ọmọ wọn ló ni orúkọ náà ju èmi lọ. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹnì kan kò tíì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé bàbá àwọn ta béèsì ní kílọ́ọ̀bù òru. A ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Láàárín kan ná, mo mú pẹ́ńsù, mo kọ orúkọ wọn sí inú páálí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní igun ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀: béèsì. Màmá wò ó. Wọ́n ní kí n kọ ọdún náà sí i. Àwọn ló sọ ọdún náà fún mi, nítorí pé oyún àkọ́bí wọn ni wọ́n ń gbé nígbà tí ẹgbẹ́ lọ sí Èkó lọ ṣe àwo.

Iṣẹ́ yín nìyẹn. Ní Adó níbí, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìkọ́lé, ní Ìbàdàn, níbi gbogbo tí ẹ wà, bàbá kan tàbí màmá kan wà ní àdúgbò yín tó ti ta jìtá, tó ti lu ìlù, tó ti gbè orin sínú àwo. Ẹ lọ bi wọ́n ní mẹ́rin péré: ẹgbẹ́ wo, ọdún wo, orin wo, ta ni ó wà lórí béèsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwo bá wà nílé, ẹ kọ ọ́ sínú páálí rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú.

Kí ẹ tó lọ, ẹ tún fi íápíìsì gbọ́ orin àkọ́kọ́ yẹn.